RÉLÙWÉÈ KÉKERÉ TÍ Ó GBÉ ÀWỌN BÀBÁ WA GUN ÒKÈ

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìfilọ́lẹ̀ owó ilé ẹgbẹ́, Bauchi Road, Jos)

Èmi kì í ṣe ọ̀mọ̀wé. Ìwé mẹ́fà ni mo kà kí n tó bọ́ sí ìdí ọjà. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ ní kí n sọ bí àwọn bàbá wa ṣe dé ìlú yìí, àwọn àgbà sì ní àrọ́bá ni bàbá ìtàn.

Kí ọkọ̀ ojú irin tó dé, ilẹ̀ yìí ní onílẹ̀: Bẹ́rom, Anaguta àti Afizere. Tíìnì inú ilẹ̀ ni ó fa òyìnbó wá. Aláàárù ni ó ń fi orí rù ú láti Naraguta, gba Keffi, títí dé Loko létí odò Benue, kí ọkọ̀ ojú omi tó gbé e lọ sí òkun. Ìyà náà pọ̀, owó rẹ̀ sì pọ̀.

Nígbà tí irin Kánò ti gba Zaria kọjá ní 1911, ìjọba ya irin kékeré kan láti Zaria wá síhìn-ín. Bauchi Light Railway ni wọ́n pè é. Ẹ̀yin ará Bauchi Road, ẹ má ṣe rò pé ìlú Bauchi ni ó lọ o! Abẹ́ Bauchi ni ìjọba ka orí òkè yìí mọ́ nígbà náà. 1926 ni Plateau tó dá dúró. Ní 1912 irin náà dé Rahama, ní 1914 ó dé Jos àti Bukuru, bíi máìlì 140. Ìbú rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 2 àti ààbọ̀, nígbà tí ti irin ńlá jẹ́ 3 àti ààbọ̀. Irin tóóró rọrùn láti yí òkè po, owó rẹ̀ kò sì pọ̀. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ńlá kò lè gun un. Gbogbo ẹrù ni wọ́n ní láti sọ̀ ní Zaria, kí wọ́n tún un dì.

Irin tiwa bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní 1896. Ó dé Ìbàdàn ní 1901, Òṣogbo ní 1907, Ìlọrin ní 1908. Ní 1916 afárá Jẹ́bà parí. Ẹni tí ó bá wọ ọkọ̀ ní Òṣogbo tàbí Ọ̀ffà yóò gba Jẹ́bà àti Minna dé Zaria, níbẹ̀ ni yóò ti bọ́ sínú ọkọ̀ kékeré. Ibi tí awakùsà bá ti ń gba owó, oníṣòwò kò ní ṣàìdé ibẹ̀.

Ní 1927, irin ńlá láti Kafanchan dé Jos. Tíìnì yí ojú sí Port Harcourt, ọkọ̀ kékeré sì pàdánù ẹrù rẹ̀. Ní 1957 wọ́n pa á tì. Láàárín 1958 sí 1964 ni wọ́n tó la irin ńlá láti Kuru, gba Bauchi, lọ sí Maiduguri. Lẹ́yìn náà ni lọ́rí gba ẹrù lọ́wọ́ rélùwéè. Orúkọ Terminus ṣì wà lẹ́nu gbogbo wa. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa kò mọ̀ pé òpin irin ni ó túmọ̀ sí.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ọ̀nà ni ó ń bí ọjà. Nígbà tí ọ̀nà yí padà, ẹni tí ó tètè mọ̀ ni kò jẹ gbèsè. Ẹ̀kọ́ kejì ni pé àlejò ni irin gbé wá, kò gbé ilẹ̀ wá. Ẹ jẹ́ kí a máa bọ̀wọ̀ fún onílẹ̀, kí àwa náà má sì gbàgbé pé a ti pẹ́ níbí, a sì ti ṣiṣẹ́ níbí.

Ẹ̀kẹta ni mo fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé. Ẹni tí ó wọ ọkọ̀ kékeré náà kí ó tó dákẹ́ ní 1957 ti di arúgbó báyìí, wọn kò sì pọ̀ mọ́. Bí ẹ bá ní irú àgbà bẹ́ẹ̀ nílé, ẹ bi í léèrè lónìí, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ má sun ìwé àtijọ́ tí bàbá fi sínú àpótí. Yàrá kan wà nínú ilé tí a ń kọ́ yìí tí a ó máa kó wọn sí. Nítorí náà, ẹ tú àpò yín. Ọlọ́run yóò fi èrè kún un fún wa. Àṣẹ.