Ìyára Láìsí Ààbò Kò Pé Wa



Bí a bá yọ irin ìbòrí kúrò lára ẹ̀rọ, iṣẹ́ á yá, ṣùgbọ́n ìka ènìyàn á lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ fóònù rí.

Tẹ́lẹ̀, iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan nílé-iṣẹ́ fóònù ní ẹ̀rọ tirẹ̀. Nísinsìnyí, ọ̀pọ̀ wọn ń kó iṣẹ́ wọ̀nyí jọ sórí kọ̀ǹpútà kan náà. Owó dín kù, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà yìí náà ló tún ń sọ ọ̀rọ̀ wa di àdììtú kí olè má baà gbọ́ ọ. Iṣẹ́ àdììtú ń jẹ agbára ẹ̀rọ; bí èrò bá pọ̀, gbogbo rẹ̀ á máa fà.

Ẹ wo 4G. Wọ́n fi àdììtú bo ọ̀rọ̀ íntánẹ́ẹ̀tì wa, wọn kò fi èdìdì sí i. Ní 2018, àwọn olùwádìí láti Bochum ní Jámánì fi hàn pé ọ̀tá lè yí i padà lójú ọ̀nà, kí ó darí ènìyàn sí ojúlé ayédèrú. 5G mú èdìdì wá, ṣùgbọ́n ìlànà rẹ̀ àkọ́kọ́ gbà kí fóònù ṣe é mọ ní kílóbíìtì 64 péré ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìlànà tó tẹ̀lé e ló ní kí ó bá gbogbo ìyára fóònù dọ́gba. Síbẹ̀, ọwọ́ ilé-iṣẹ́ ni lílò rẹ̀ wà.

Àtúnṣe wà: kí wọ́n fún iṣẹ́ àdììtú ní òṣìṣẹ́ tirẹ̀ nínú ẹ̀rọ. Láti 2010 ni Intel ti ń ṣe irú rẹ̀.

Awakọ̀ tó yọ bíréèkì kí ọkọ̀ lè fò, ibojì ló ń sáré lọ. Owó wa ń gba orí fóònù kọjá. Ìyára àti ààbò, méjèèjì la fẹ́.