Irinṣẹ́ Dókítà Kì Í Ṣe Ohun Ẹ̀rù



Àgbẹ̀ kan nínú kíláàsì wa ní ìpá. Dókítà ní àfi kí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Nígbà tí ó rí irin tí ń dán nínú àwo, ó sá padà sóko. Ṣùgbọ́n ìpá kì í ṣe ohun àfiṣeré. Bí ìfun bá há síbẹ̀, tí ẹ̀jẹ̀ kò ráyè kọjá mọ́, ó lè pa ènìyàn. Ìdí nìyẹn tí a fi bẹ nọ́ọ̀sì kan wá, kí ó wá fi irin wọ̀nyí hàn wá.

Èkíní ni ọ̀bẹ kékeré. Òun ni wọ́n fi ń la awọ ara.

Èkejì ni àlùmọ́gàjí. Èyí tí ẹnu rẹ̀ tẹ̀ wà fún ẹran ara; èyí tí ẹnu rẹ̀ gún wà fún òwú.

Ẹ̀kẹta ni ẹ̀mú. Ẹ ti rí ẹ̀mú alágbẹ̀dẹ rí. Ti dókítà kéré. Bí ó bá ti di iṣan ẹ̀jẹ̀ mú, kì í tú, àfi bí wọ́n bá tú u. Ẹ̀jẹ̀ a sì dá.

Ẹ̀kẹrin ni ìkọ́. Òun ni í fa ẹnu ọgbẹ́ sẹ́yìn, kí dókítà lè rí inú.

Ẹ̀karùn-ún ni abẹ́rẹ́. Ó tẹ̀ bí oṣù tuntun. Òun ni wọ́n fi ń rán ọgbẹ́ pọ̀.

Àgbẹ̀ wa béèrè pé, “Ṣé wọn kò ní gbàgbé ọ̀kan sí mi nínú?”

Nọ́ọ̀sì kò bínú. Ó ní, “Bàbá, ẹ ṣeun tí ẹ béèrè. À ń ka irin kí á tó bẹ̀rẹ̀. À ń tún un kà kí á tó gbé yín jáde.” Kíka irin yìí wà nínú ìwé àyẹ̀wò tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní 2008. Ó tún ní ooru omi gbígbóná nínú ìkòkò onídèérí líle ni wọ́n fi ń pa kòkòrò àrùn tó bá wà lára irin.

Bàbá lọ. Wọ́n gbé ìwé wá kí ó tẹ̀ka. Ó ní, “Ẹ kọ́kọ́ túmọ̀ rẹ̀ fún mi ní Yorùbá.” Nígbà tí ó yé e, ó gba kálàmù, ó kọ orúkọ ara rẹ̀. Ó ti padà sóko báyìí, ara rẹ̀ sì le.

Ẹ̀yin ará, abèèrè kì í ṣìnà. Ẹ ka orúkọ irin márààrún náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ wo “abẹ” àti “abẹ́” dáadáa: àmì kan ṣoṣo ló yà wọ́n.