Lẹ́yìn Òjò ní Ọ̀dàn Èrúwà



Ẹni tí ó bá gba ọ̀nà Èrúwà lọ sí Làǹlátẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn yóò rí ibi tí iná ti jó pápá, tí ilẹ̀ dúdú kirikiri láàárín àwọn àpáta. Ṣùgbọ́n bí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀ ní oṣù kẹta tàbí ìkẹrin, kò ní pẹ́ tí koríko yóò fi hù, tí òdòdó yóò sì là. Ta ni ó gbìn wọ́n? Kò sí. Abẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n ti wà.

Ẹ wo òdòdó pupa kan tí ó rí roboto bí bọ́ọ̀lù, tí ó máa ń yọ kí ewé rẹ̀ tó jáde tán. Ìdí rẹ̀ dàbí àlùbọ́sà nínú ilẹ̀. Ibẹ̀ ni ó to oúnjẹ rẹ̀ pamọ́ sí. Iná jó orí ilẹ̀, kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Èsúnsún náà, inú ọ̀gán ni ó ti ń dúró de òjò. Bí ẹ bá gbé abọ́ omi sábẹ́ àtùpà láti kó wọn, ẹ kọ́kọ́ wò wọ́n ná. Wọn yóò bọ́ ìyẹ́ wọn sílẹ̀, akọ yóò sì máa tọ abo lẹ́yìn láti lọ tẹ ìlú tuntun dó. Ẹyẹ, aláǹgbá àti ọ̀pọ̀lọ́ a jẹ èyí tí ó pọ̀ jù. Díẹ̀ ni ó ń yè.

Lórí igi, ẹ wo ẹ̀gà. Akọ ni ó ń hun ilé. Abo a wá yẹ̀ ẹ́ wò. Bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, akọ a tú u palẹ̀, a sì tún òmíràn hun.

Wàyí o, ìkìlọ̀ kan. Bí òjò bá ti rinlẹ̀, ẹ ó rí ìtàkùn kan tí ó ń fi ṣóńṣó ewé rẹ̀ di igi mú. Òdòdó rẹ̀ pupa, ó sì yí sókè bí ahọ́n iná. Iṣu rẹ̀ lè jọ iṣu kékeré lójú ọmọdé, ṣùgbọ́n májèlé ni. Colchicine tí ó wà nínú rẹ̀ ni àwọn dókítà ń wọ̀n ní ìwọ̀nba fún irú àrùn oríkèé kan. Bí ó bá ju ìwọ̀n lọ, ó ń pa ènìyàn. Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ, ojú ni kí ẹ fi wo ohun tí ẹ kò mọ̀. Ẹ má fi ọwọ́ wú u, ẹ má sì fi ẹnu tọ́ ọ wò.

Iṣẹ́ tí mo fún yín nìyí. Ẹ yan ibì kan tí ó tó ẹní kan lẹ́yìn ilé tàbí nítòsí ilé-ìwé. Ní òwúrọ̀ lẹ́yìn òjò kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ọjọ́ náà sílẹ̀, àti ohun tí ó hù, tí ó rìn, tí ó bà síbẹ̀. Ẹ̀yin àgbà, bí ọmọ bá bi yín léèrè orúkọ ewéko kan, ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ ọ́ fún un. Orúkọ tí ọmọ kò bá gbọ́ lẹ́nu yín, ta ni yóò sọ ọ́ fún un lọ́la?

Ó dàbọ̀ ná.