Bàtà Kan, Ìròyìn Méjì: Bí A Ṣe Ń Lo Google Tag Manager Láì Mọ Kóòdù Kọ

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tajà lórí íntánẹ́ẹ̀tì la fẹ́ bá sọ̀rọ̀ lónìí.

Ká ní bàtà lẹ̀ ń tà. Ẹ ní ìkànnì, ẹ sì ń sanwó ìpolówó fún Facebook. Kí Facebook tó lè mọ̀ pé ẹni tó rí ìpolówó yín ra bàtà, kóòdù kékeré kan gbọ́dọ̀ wà lórí ìkànnì yín tí yóò máa ròyìn fún un. Pixel ni wọ́n ń pè é. Google Analytics ní tirẹ̀, TikTok náà ní tirẹ̀. Tẹ́lẹ̀, gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi ọ̀kan kún un, ẹ ó wá ẹni tó mọ kóòdù kọ, ẹ ó sanwó, ẹ ó sì dúró dè é.

Ní 2012, Google gbé Google Tag Manager jáde. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹ̀ẹ̀kan péré lẹ máa fi kóòdù tirẹ̀ sórí ìkànnì. Inú Tag Manager lẹ ti máa ṣe ìyókù. Ohun mẹ́ta ni kẹ́ ẹ mọ̀. Tag ni iṣẹ́ tẹ́ ẹ fẹ́ kó ṣe: sọ fún Facebook pé ọjà ti tà. Trigger ni ìgbà tó máa ṣe é: nígbà tí ojú ewé tẹ́ ẹ ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ oníbàárà bá ṣí. Variable ni ohun tó ń yí padà, bí iye owó tí oníbàárà san.

Ibi tí wàhálà wà nìyí o. Bí ẹni tó kọ́ ìkànnì yín bá ti fi Pixel síbẹ̀ tẹ́lẹ̀, tẹ́ ẹ tún wá fi í sínú Tag Manager, bàtà kan lẹ tà, Facebook lè kà á sí méjì. Ẹ ó rò pé ìpolówó yẹn ń mówó wọlé gan-an, ẹ ó tún fowó kún un. Ọjà ń tà lójú fóònù, báńkì ò rí nǹkan kan.

Torí náà, ẹ yọ ti àtijọ́ kúrò. Kẹ́ ẹ tó tẹ Submit, ẹ lo Preview lórí kọ̀ǹpútà, kẹ́ ẹ ra bàtà kan dánwò. Ẹ ó rí tag tó ṣiṣẹ́ àti iye ìgbà tó ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n Preview ò ní fi Pixel tó wà níta Tag Manager hàn yín. Meta Pixel Helper, tó wà fún Chrome, ló máa fi ìyẹn hàn. Bí nǹkan bá bàjẹ́ lẹ́yìn náà, ẹ lọ sí Versions, kẹ́ ẹ dá èyí tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa tẹ́lẹ̀ padà.

Ímeèlì tiyín ni kẹ́ ẹ fi ṣí account náà. Ẹni tó ń bá yín ṣiṣẹ́, ẹ fún un ní Edit, kẹ́ ẹ fi Publish sọ́wọ́ ara yín. Ẹni tó bá ní Publish lè fi kóòdù tó wù ú sórí ìkànnì yín.

Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ yìí rèé: ẹ ka gbogbo ọjà tẹ́ ẹ tà lórí ìkànnì yín lóṣù tó kọjá, kẹ́ ẹ fi wé iye tí Facebook ní òun bá yín tà. Bí ti Facebook bá ju gbogbo ọjà yín lọ, ẹ má tíì fowó kún ìpolówó. Ẹ wá Pixel kejì lọ.