Ọmọ tí Ń Wo Ọ̀nà

Nígbà tí baba bá kú, àwa àgbà a máa wí fún ọmọ kékeré pé ó re àjò. Ọmọ a sì máa wo ọ̀nà. Mabel Segun, ẹni tí a bí ní Oǹdó ní 1930, jẹ́ ọmọ àlùfáà. Ikú mú baba rẹ̀ lọ nígbà tí ó wà ní èwe. Ní 1965, ìwé rẹ̀ fún àwọn ọmọdé, My Father's Daughter, jáde. Ní 1986, My Mother's Daughter tẹ̀lé e. Orúkọ ìwé méjèèjì ti tó ìtàn: ọmọ baba di ọmọ ìyá. Kò fi ikú pamọ́. Ẹ jẹ́ kí àwa náà máa sọ òtítọ́ fún ọmọ òrukàn, kí a sì kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ ní èdè wa, kí ó má baà dá nìkan sunkún.