Àwo Orin Ẹgbẹ́ tí Kò Pẹ́

Àwo orin kan ni ọ̀rọ̀ tòní dá lé lórí, èyí tí àwọn ọ̀dọ́ Gẹ̀ẹ́sì mẹ́ta gbé jáde ní 1983. The Sharks ni orúkọ ẹgbẹ́ wọn, Phantom Rockers sì ni wọ́n pe àwo náà. Ẹgbẹ́ ọ̀hún kò lò ju nǹkan bí ọdún mẹ́ta lọ kí ó tó túká. Síbẹ̀, wọ́n ti tún àwo náà tẹ̀ jáde, débi pé ẹni tí a kò tí ì bí nígbà náà lè rí i rà. Kí ni irú àtúntẹ̀ bẹ́ẹ̀ ń ṣe fún olórin, ta ni ó sì yẹ kí ó jẹ èrè rẹ̀?

Psychobilly ni irú orin tí wọ́n ń kọ. Àdàlù ni ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, hillbilly ni àwọn ará ìlú ńlá fi ń pe ará oko orí òkè, tẹ̀gàntẹ̀gàn. Nígbà tí orin àwọn ará oko yìí pàdé orin àwọn aláwọ̀ dúdú, wọ́n gé ìrù ọ̀rọ̀ náà, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ rock, ó di rockabilly. Nígbà tí ó ṣe, wọ́n yọ rock kúrò, wọ́n sì fi psycho, èyí tí àwọn ọmọ ìgboro fi ń pe wèrè, dí àyè rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà wà nínú orin kan tí Wayne Kemp kọ, tí Johnny Cash sì gbé jáde ní 1976. Ìtàn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ mọ́tò kan ní Detroit ni. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni ó ń jí ẹ̀yà ọkọ̀ lọ sílé fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìgbà tí ó tò wọ́n pọ̀ tán, ọkọ̀ náà kò jọ ọkọ̀ kankan. Kì í ṣe orúkọ ẹ̀yà orin ni Cash ń wá, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ The Cramps ti New York gbé ọ̀rọ̀ náà sára ìwé ìpolówó wọn. Ó sì bá a mu, nítorí ọkọ̀ alábùlẹ̀ gan-an ni orin náà.

Ẹ jẹ́ kí a wo ibi tí ẹ̀yà kan ti wá. Ní oṣù keje 1954, Elvis Presley, Scotty Moore àti Bill Black gba ohùn orin That's All Right sílẹ̀ ní ilé ìgbohùnsílẹ̀ Sam Phillips ní Memphis. Kò sí onílù láàrin wọn. Bill Black ni ó ń fa okùn gìtá ńlá onígi, irú èyí tí a ń gbé nàró bí ènìyàn, tí okùn ń padà gbá igi ọrùn rẹ̀, pàà, pàà, tí ìró náà fi dípò ìlù. Ẹni tí ó ni orin ọ̀hún ń kọ́? Arthur Crudup ni, aláwọ̀ dúdú ọmọ Mississippi, tí ó ti kọ ọ́ sínú àwo láti 1946. Orin náà sọ ẹlòmíràn di ọlọ́lá. Crudup kú ní 1974 láìrí owó tí ó tọ́ sí i gbà. Ẹ fi èyí sọ́kàn.

Ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1980, Paul Fenech, Nigel Lewis àti Mark Robertson dá ẹgbẹ́ The Meteors sílẹ̀. Wọ́n mú ìró okùn Bill Black, wọ́n fi eré àsápajúdé àti ìbínú orin punk kún un, wọ́n sì ń kọrin iwin, sàréè àti òkú tí ń rìn. (Ẹni tí ó bá ti ka Fágúnwà kò ní í fòyà iwin wọ̀nyí, iwin sinimá olówó pọ́ọ́kú ni wọ́n.) Àwo wọn In Heaven jáde ní 1981.

Ní ọdún 1980 kan náà ni The Sharks bẹ̀rẹ̀ ní Bristol. Alan Wilson ń kọrin, ó ń ta gìtá. Steve Whitehouse ń gbá okùn gìtá ńlá. Paul Hodges ń lu ìlù. Ilé-iṣẹ́ kékeré kan, Nervous Records ti Roy Williams, ni ó gbé àwo wọn jáde. Láàrin ọdún yẹn náà ni ẹgbẹ́ fọ́, tí Whitehouse sì lọ dá Frenzy sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni èrò wá pọ̀ ní Klub Foot, ní Clarendon Hotel ní Hammersmith, tí wọ́n ń gba ohùn eré ibẹ̀ sínú àwo láti 1984. Ọjà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kún ni The Sharks ti palẹ̀ mọ́. Wọ́n wó ilé náà ní 1988. Ní àwọn ọdún 1990 ni àwọn Sharks tún tó kó ara wọn jọ.

Fún ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀, àwo ni ẹlẹ́rìí. Nítorí náà ni iṣẹ́ ẹni tí ń tún un tẹ̀ fi jọ iṣẹ́ ẹni tí ń tún ìwé àtijọ́ tẹ̀. Yóò máa ṣe é bíi pé kí ó tún un ṣe: kí ó gbé ohùn sókè dé góńgó, kí ó fọ ariwo kúrò, kí ó fi orin tí kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ kún un. A lè gba ìkẹta láyè bí ó bá sọ ọ́ ní gbangba. Ṣùgbọ́n bí a bá fọ ìró igi àti okùn nù nínú psychobilly, kí ló kù? Àṣìṣe ọwọ́ ọ̀dọ́ tí ń yára wà lára ọ̀rọ̀ tí àwo náà ń sọ.

Èyí tí ó burú jù ni kí a tún ohùn tẹ̀ kí a má tún orúkọ tẹ̀. Orúkọ ni a fi ń wá ẹni tí a óò san owó fún. Níbi tí kò bá ti sí orúkọ onílù, ọdún, àti ìlú tí a ti gba ohùn, ọ̀rọ̀ Crudup ni ó tún bẹ̀rẹ̀ yẹn.

Alan Wilson fúnra rẹ̀ ni ó padà dá Western Star sílẹ̀, ilé ìgbohùnsílẹ̀ àti ilé-iṣẹ́ àwo, tí ó sì ti gba ohùn ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ irú tirẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sára àwo ní 1983 ni ó wá ń kọ orúkọ àwọn ẹlòmíràn.