Ọjọ́ mélòó ni wíwọn ilẹ̀ ń gbà?

Ẹ̀yin ará Adja-Ouèrè, Ikpinlè àti Massè, ẹ fẹ́ ra ilé, ẹ ń béèrè ìgbà tí jeọmẹ́tà, ìyẹn awọnlẹ̀, máa wọn ilẹ̀ rẹ̀ tán. Bí ilẹ̀ bá kéré, wíwọ̀n fúnra rẹ̀ ò ju iṣẹ́ òwúrọ̀ kan lọ. Èèyàn ló ń fa ọjọ́ gùn! Ẹni tí ilẹ̀ rẹ̀ bá tiyín pààlà gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Bó bá wà lóko, ẹ dúró dè é. Bí àwọn ọmọ bàbá kan bá ń jà lórí pèrègún tí bàbá gbìn sí ààlà ńkọ́? Ó lè di oṣù. Lásìkò òjò, amọ̀ dúdú ilẹ̀ Ọ̀họ̀rí á gba bàtà lẹ́sẹ̀ jeọmẹ́tà. Títù fọ́ńsíẹ̀, ìwé ẹ̀rí ẹni tó ni ilẹ̀, tí ANDF, iléeṣẹ́ ìjọba Benin tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ilẹ̀, ń fúnni, ìyẹn tún ní àkókò tirẹ̀. Ẹ má tíì sanwó tán kí òkúta ààlà tó wọlẹ̀.